Kọ́kọ́rọ́ Ojú Òpó, Ọwọ́ Ta Ló Wà?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣí ìsọ̀ ní Ire-Akárí n'Ìṣọlọ̀ l'Ékòó, ẹ̀yin tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá dúró láàárín Cele sí Òṣòdì, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń di oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́ ní Òkè-Àfà, ọ̀rọ̀ tòní jẹ mọ́ fóònù tó wà lápò yín. N ò ní kọ́ yín bí ẹ ṣe máa lò ó, àwọn ọmọ yín ti ṣe ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, nígbà tí ẹ bá gbé àwòrán ọjà sórí Instagram, tàbí tí ẹ dá sí àríyànjiyàn lórí X tí a máa ń pè ní Twitter tẹ́lẹ̀, abẹ́ àṣẹ ta ni ẹ wà? Ta ló ṣe òfin ibẹ̀? Bí wọ́n bá sì yan yín jẹ, ọ̀dọ̀ ta ni ẹ máa gbé ẹjọ́ lọ?

Ẹni tó bá jẹ́ ọlọ́jà orí fóònù kò ní gbàgbé ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, WhatsApp, Facebook àti Instagram dákú lẹ́ẹ̀kan náà, ó tó nǹkan bí wákàtí 6 kí wọ́n tó jí. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń tún ọ̀nà tó so àwọn kọ̀ǹpútà wọn pọ̀ ṣe, wọ́n tẹ àṣẹ kan tí kò yẹ kí wọ́n tẹ̀, ọ̀nà bá dí láti Amẹ́ríkà títí dé Ìṣọlọ̀. Ẹni tó ń ta ankara lórí WhatsApp nìkan, tí kò kọ nọ́ńbà oníbàárà kankan sínú ìwé, ṣe ló ń wo fóònù níran títí ilẹ̀ fi ṣú.

Oṣù mẹ́rin ṣáájú ìyẹn la ti rí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, kọ ọ̀rọ̀ kan sórí Twitter, ó fi ogun abẹ́lé ọjọ́sí ṣe ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń da ìlú rú. Twitter ní ọ̀rọ̀ náà tàpá sí òfin àwọn, wọ́n sì pa á rẹ́ ní ọjọ́ kejì oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ kẹrin, iléeṣẹ́ ètò ìròyìn, tí Lai Mohammed jẹ́ mínísítà rẹ̀ nígbà náà, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de Twitter ní Nàìjíríà. Orí Twitter gan-an ni wọ́n ti kéde rẹ̀, kí ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ti ń dí ọ̀nà. Abubakar Malami tó jẹ́ mínísítà ètò ìdájọ́ nígbà náà tún ní kí wọ́n fẹ̀sùn kan ẹni tó bá ṣì ń lò ó. Àwọn ọ̀dọ́ wa bá kọ́ VPN, ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gba ẹ̀yìn wọ ojú òpó tí wọ́n ti dí, bí ẹni ń kọ́ ABD, òfin náà kò sì kúrò títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022.

Ẹ wo àwọn tó ń jà: ilé-iṣẹ́ kan ní San Francisco, ìjọba kan ní Abuja. Èwo nínú wọn ló bi ẹni tó ń ta bàtà, tó ti fi ọdún márùn-ún kó oníbàárà jọ síbẹ̀, pé kí lo rò sí i? Àjọ SERAP tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti àwọn ọmọ Nàìjíríà mìíràn gbé ìjọba lọ sí Ilé-ẹjọ́ ECOWAS, ilé-ẹjọ́ náà sì dájọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2022 pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu. Ìdájọ́ gidi ni, àmọ́ ọjà ti tú kó tó dé. Lásìkò tí ìfòfindè náà ń lọ lọ́wọ́, ìjọba àpapọ̀ ti ṣí àkáǹtì lórí Koo, ojú òpó kan tó jẹ́ ti ará Íńdíà. Koo náà ti kógbá sílé ní oṣù keje ọdún 2024. Ẹni tó kó lọ síbẹ̀ ti tún di aláìnílé.

Tipẹ́tipẹ́ ni àwọn onímọ̀ kan ti ń sọ pé kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà fóònù wa. Ẹni tó ń lo MTN lè pe ẹni tó ń lo Glo, kò sẹ́ni tó máa ní kó kọ́kọ́ lọ ra síìmù Glo. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni àjọ NCC, tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, sì ti fàyè gbà wá láti gbé nọ́ńbà wa kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn láì jẹ́ pé nọ́ńbà yí padà. Bí Airtel bá ń bí yín nínú, ẹ ó gbé nọ́ńbà yín, ẹ ó sì máa lọ, ìyá yín ní Ọ̀ṣun kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ẹ ti kó kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí Facebook kò lè jókòó síbẹ̀ kó kí ẹni tó wà lórí X. Bí ẹ bá sì bínú kúrò ní Facebook, gbogbo ọ̀rẹ́ tí ẹ ti kó jọ níbẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ máa fi wọ́n sí. Wọ́n dè yín mọ́lẹ̀ láì lo okùn.

Àwọn kan ti ń wá ọ̀nà láti tú ìdè náà. Ní ọdún 2016, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Jámánì, Eugen Rochko, gbé Mastodon jáde. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kó sì fi gba àlejò. Kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ là ń pè ní sáfà. Ẹni tó wà lórí sáfà kan lè máa tẹ̀lé ẹni tó wà lórí òmíràn, wọ́n lè fèsì fún ara wọn, nítorí pé gbogbo àwọn sáfà náà ń tẹ̀lé ìlànà kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ActivityPub. Àjọ W3C tó ń to ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2018. Lẹ́yìn náà ni Bluesky dé. Jack Dorsey, ọ̀gá Twitter nígbà yẹn, ló kéde èrò rẹ̀ ní ìparí ọdún 2019. Oṣù kejì ọdún 2024 ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó sì ní ìlànà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nígbà tí Elon Musk fi bílíọ̀nù 44 dọ́là ra Twitter ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, tó sì da òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ sígboro, títí kan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì tuntun ní Accra, ọ̀pọ̀ ènìyàn dìde kúrò níbẹ̀. Rochko fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn tó ń lo Mastodon lóṣù kan ti lọ láti nǹkan bí 300,000 sí mílíọ̀nù 2.5 kí ọdún náà tó parí.

Ibí ni èmi àti àwọn olólùfẹ́ ètò sáfà yìí ti máa ń fa ọ̀rọ̀. Wọ́n á ní, kò sí ọ̀gá níbẹ̀ mọ́. Irọ́ ni! Ṣe ni ọ̀gá pọ̀ sí i. Sáfà kọ̀ọ̀kan ní ádímìn tirẹ̀. Ádímìn ló ń san owó, òun ló ní pásíwọ́ọ̀dù, òun ló lè lé yín jáde, òun náà ló lè pàṣẹ pé kí sáfà yín má bá sáfà kan báyìí ṣe mọ́. Agbára ìkẹyìn yìí wúlò o. Ní ọdún 2019, Gab, ojú òpó tí àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà Amẹ́ríkà fi ṣe ibùba, kó wá sórí ètò Mastodon. Rochko kò lè dá wọn dúró, nítorí ohun ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ìjọba tó pàṣẹ, kò sí kọ́ọ̀tù tó dá sí i. Sáfà kan tilẹ̀kùn mọ́ wọn, èkejì tilẹ̀kùn, ẹ̀kẹta náà tì í, títí Gab fi ku òun nìkan lórí ètò tó rò pé òun fi máa dé ilé gbogbo ènìyàn. Mo gba ti ìyẹn. Kò sí olú-iléeṣẹ́ kan tó lè ṣe é dára tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n agbára kan náà ni ádímìn méjì tó ń bá ara wọn jà lè lò. Wọn á tilẹ̀kùn mọ́ ara wọn lóru, ẹ̀yin tí ẹ kò mọwọ́ mẹsẹ̀ á jí láàárọ̀, ẹ ò ní rí ọ̀rẹ́ yín mọ́. Sáfà náà lè kú. Mozilla, àjọ ńlá tó ṣe Firefox, dá sáfà Mastodon tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì tì í pa ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Sáfà mìíràn wà tó jẹ́ pé orúkọ tó parí sí .af ló ń lò, orúkọ ìkànnì tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Afghanistan. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba Taliban gba orúkọ náà padà, sáfà di àwátì. Òótọ́ ni pé Mastodon fàyè gbà yín kí ẹ kó lọ sí sáfà mìíràn, tí àwọn tó ń tẹ̀lé yín á sì bá yín lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ ńkọ́? Wọn kì í bá yín lọ. Bluesky ní tòun, ẹ máa lè kó àwọn ọ̀rọ̀ náà dání. Èrò náà dára, àmọ́ orí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Bluesky fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń lò ó ṣì wà.

Òmìnira láti kó jáde, ìdajì òmìnira ni. Ayálégbé tó lè kó jáde nígbàkigbà ṣì lè má ní ẹnu nínú ilé tó ń gbé.

Mo fẹ́ kí a wo Ire-Akárí fínnífínní, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ìdajì kejì. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tí gbogbo wa ń pè ní CDA ní òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe fún un ní ọdún 2008. Ó ń forúkọ sílẹ̀, ó ní ìwé òfin, ó ń dìbò yan alága, akọ̀wé àti akápò. Ohun tí wọ́n ń bójú tó kì í ṣe ohun tó ń dán lójú: ìgbà wo ni wọ́n máa ti géètì, èló ni owó ọlọ́dẹ, ta ni kò tíì san owó transformer. Bí ẹ bá ti jókòó nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ bó ṣe ń lọ. Akápò á dìde, á ka owó tó wọlé àtèyí tó jáde. Á ní wẹ́dà tó jó géètì gba iye báyìí. Ẹnì kan á ti ẹ̀yìn sọ pé, "Rìsíìtì dà?" Ariwo á ta. Alága á fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kan tábìlì, á ní kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá Landlord parí ọ̀rọ̀. Ìpàdé á pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, inú á bí àwọn kan, síbẹ̀ rìsíìtì á jáde.

Àwọn ènìyàn kan náà ló wà nínú grúùpù WhatsApp àdúgbò. Kò sí ìwé òfin níbẹ̀, kò sí ìbò. Ẹni tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ ni ádímìn, bóyá nítorí pé òun ló ní dátà lọ́jọ́ náà. Ká ní ìyá kan tó ń ta mínírà létí géètì béèrè níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, owó ọlọ́dẹ tí a dá lóṣù tó kọjá, kí lẹ fi ṣe?" Àwọn méjì kan fèsì, ọ̀rọ̀ fẹ́ gbóná, ádímìn fọwọ́ kan fóònù rẹ̀, ó yọ ìyá náà. Kò sí ẹ̀sùn, kò sí ìgbẹ́jọ́. Òfin wo ló rú? Ta ni kó lọ bá? Ohun tó tún burú ni pé láti alẹ́ ọjọ́ náà, ìkéde pé olè wọ òpópónà kejì kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ti pé NEPA fẹ́ gbé iná lọ fún àtúnṣe náà kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú ìpàdé, ọmọ ẹgbẹ́ ni. Lórí fóònù, ẹni tó ń tọrọ àyè ni. Ènìyàn kan náà, àdúgbò kan náà o.

Ohun tí mo ń wí fún àwọn tó ń kọ́ ojú òpó tuntun wọ̀nyí, àti fún ẹ̀yin tí ẹ máa lò ó, ni pé ohun tó wà lórí tábìlì ìpàdé yẹn ló ṣọ̀wọ́n nínú sáfà: òfin tí a ti kọ sílẹ̀ kí ìjà tó dé, ìwé owó tí gbogbo ojú lè rí, àti ẹnì kan tó yàtọ̀ sí ẹni tó lé mi, tí mo lè gbẹ́jọ́ lọ bá.

Àwọn kan ti ń gbìyànjú rẹ̀. Sáfà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ social.coop, ọdún 2017 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dá owó tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà kọ̀ǹpútà náà, wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà ọmọ ẹgbẹ́ àtèyí tó ń bójú tó ẹ̀rọ, wọ́n sì ń dìbò lórí òfin wọn, títí dórí ọ̀rọ̀ pé sáfà wo ni kí àwọn máà bá ṣe. A kì í ṣe àlejò nínú irú ètò yìí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ oníkòkó wa sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ́wọ́ gbà á. Lónìí, ta ni nínú yín tí kò ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́? Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yá owó láì jẹ́ kí akápò sá lọ ti mọ ohun tó pọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń darí sáfà. Bíntín ló kù kó kọ́.

Darius Kazemi, onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, ń darí sáfà kékeré kan fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọdún 2018. Ìmọ̀ràn tirẹ̀ ni pé kí irú sáfà bẹ́ẹ̀ mọ níwọ̀n, bí ènìyàn 50 sí 100, kí gbogbo wọn lè mọra, kí òfin wọn lè bá ìṣe wọn mu. Òpópónà kan ní Ire-Akárí tó iye yẹn.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ wí: ta ló máa ṣe iṣẹ́ náà? Ìbéèrè tó le nìyẹn. Kíka ẹ̀sùn, wíwo àwòrán ìdọ̀tí kí ọmọdé má bàa rí i, pípẹ̀tù sí ìjà ní aago méjì òru, iṣẹ́ ni, ó sì ń sú ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ádímìn sáfà ló ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn, tó bá sì sú wọn, sáfà á kú. N ò rò pé ó yẹ kí a máa fi "ẹ ṣeun" nìkan san án. A ń san owó ọlọ́dẹ géètì, ẹ jẹ́ ká san ti ọlọ́dẹ ọ̀rọ̀.

Èrè kan wà níbẹ̀ tí owó kò lè rà lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, ìyẹn ẹni tó gbọ́ èdè wa. Bí ọ̀rẹ́ bá kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ pé, "Màá pa ẹ́ tí o ò bá gbé ìrẹsì mi wá láti ibi ìyàwó náà," ẹni tó dàgbà ní Ìṣọlọ̀ á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ lè kà á sí ìhàlẹ̀ ikú. Bẹ́ẹ̀ èébú gidi, èyí tí a fi òwe bò, á kọjá lójú ẹ̀rọ náà bí afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè, àtàwọn mìíràn ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí wọ́n fi kọ Yorùbá sórí Twitter, kí ilé-iṣẹ́ náà lè fi èdè wa kún èdè tó ń lò. Ìgbìyànjú ńlá ni, mo yìn wọ́n. Síbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀. Lórí sáfà tó jẹ́ tiwa, a kò ní bẹ ẹnikẹ́ni ká tó fi Yorùbá kọ òfin ibẹ̀, ká sì fi Yorùbá dá ẹjọ́ rẹ̀.

Kí ẹ má rò pé ìyẹn yọ ìjọba kúrò nínú rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tó ni WhatsApp. Ara ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ náà ń lo ìsọfúnni àwọn ọmọ Nàìjíríà láì gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, àti pé kò fún wa ní irú yíyàn tó fún àwọn ará Yúróòpù. Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ sì fọwọ́ sí ìtanràn náà ní oṣù kẹrin ọdún 2025. CDA kan kò lè fa irú ilé-iṣẹ́ yẹn létí. Ìjọba ló lè ṣe é. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 máa kan sáfà àdúgbò náà: nọ́ńbà àti orúkọ tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ ènìyàn, ẹ ó dáhùn fún un. Ìhà kejì ọ̀rọ̀ nìyí: òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, pàápàá ẹ̀ka 24 rẹ̀, ni wọ́n ti fi gbé oníròyìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ṣàtúnṣe sí i ní ọdún 2024, àmọ́ ọkàn mi kò tíì balẹ̀ pátápátá. Ilé-iṣẹ́ ńlá ní lọ́yà. Akọ̀wé CDA tó ń gbé sáfà sórí kọ̀ǹpútà, ta ni lọ́yà tirẹ̀?

N ò ní kí ẹnikẹ́ni kúrò lórí WhatsApp lónìí. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà yín wà. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú Mastodon, kó kọ́kọ́ ṣí ojú ewé tó ń ṣàlàyé sáfà náà kó tó forúkọ sílẹ̀: ibẹ̀ ni yóò ti rí ádímìn àti òfin ilé, nígbà mìíràn yóò tún rí àwọn sáfà tí wọ́n ti tilẹ̀kùn mọ́. Bí kò bá rí bí wọ́n ṣe ń rí owó, kó béèrè. Bí wọn ò bá dáhùn, kó wá ibòmíràn.

Ní ti àwọn CDA wa, ohun kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ fi grúùpù WhatsApp sínú ìwé òfin ẹgbẹ́: ta ló lè yọ ènìyàn, nítorí kí ni, ọjọ́ mélòó ni ẹni tí wọ́n yọ ní láti fi pẹjọ́, àwọn mẹ́ta wo sì ni yóò gbọ́ ọ. Kí ádímìn tó mẹ́ta, kí wọ́n má jẹ́ ará ilé kan náà. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan dìde kó béèrè pé, bí akọ̀wé bá jápa lọ sí Kánádà lọ́la, lọ́wọ́ ta ni pásíwọ́ọ̀dù máa wà?